Ife Tíì Mẹ́rìndínlógún: Ẹjọ́ Bánkì Teikoku àti Ogun tí Kò Tán ní Tokyo

Aago mẹ́ta ọ̀sán ti kọjá díẹ̀, bánkì sì ti ti ilẹ̀kùn iwájú. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 26 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1948 ni, ní ẹ̀ka Shiinamachi ti bánkì Teikoku nílùú Tokyo. Àwọn òṣìṣẹ́ ń ka owó ọjọ́ náà lọ́wọ́. Inú ń run ọ̀gá bánkì, ó ti tètè lọ sílé, ìgbákejì rẹ̀ ló wà nídìí iṣẹ́ nígbà tí ọkùnrin kan gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ wọlé.

Ọkùnrin náà ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, ó múra bí ẹni iyì, ó sì so aṣọ àmì mọ́ apá, èyí tó fi hàn pé òṣìṣẹ́ ìdènà àjàkálẹ̀ àrùn ìlú Tokyo ni. Ó fi káàdì orúkọ lélẹ̀: dókítà ni òun, láti ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ìlera. Ó ní ìgbẹ́ ọ̀rìn ti bẹ́ sílẹ̀ nítòsí, láàárín àwọn tó ń pọn omi kànga kan náà, àti pé ọ̀kan nínú àwọn ará ilé tí àrùn náà wọ̀ ti wá sí bánkì yìí lọ́jọ́ náà. Àwọn Amẹ́ríkà, tó ń ṣàkóso Japan nígbà náà, ti gbọ́, ọ̀gá ológun wọn kan ń bọ̀ wá fín gbogbo inú ilé. Kí ó tó dé, kí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ mu oògùn ìdènà.

Wọ́n kó ife tíì jáde. Mẹ́rìndínlógún ni wọ́n, àti òṣìṣẹ́ àti ìdílé ẹni tó ń tọ́jú ilé bánkì, tí ọmọ ọdún 8 kan wà láàárín wọn.

Bí ọkùnrin náà ṣe fún wọn mu ni kí a fara balẹ̀ wò. Ọ̀pá gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò fi ń fa oògùn ló fi ń kán an sí ife kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n kan náà fún oníkálukú. Ó kìlọ̀ pé oògùn náà le, ó lè ba eyín jẹ́; nítorí náà kí wọ́n na ahọ́n síta, kí wọ́n dà á sí ẹ̀yìn ahọ́n, kí wọ́n sì gbé e mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó kọ́kọ́ mu tirẹ̀ níṣojú wọn kí wọ́n lè rí bí wọ́n á ṣe ṣe é. Ó ní tí ìṣẹ́jú kan bá pé, wọ́n á mu oògùn kejì tẹ̀ lé e. Gbogbo wọn gbé ife sókè pa pọ̀, wọ́n mì í. Àwọn tó yè é sọ lẹ́yìn náà pé ńṣe ló ń jó ọ̀fun bí ọtí líle. Ọkùnrin náà dúró, ó ń wo aago. Ìṣẹ́jú kan pé, wọ́n mu èkejì, èyí tó dà bí omi lásán. Ẹnì kan tọrọ àyè láti lọ yọ ẹnu, ọkùnrin náà sì gbà. Wọ́n rọ́ lọ síbi omi ẹ̀rọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú.

Èèyàn 11 kú lójú ẹsẹ̀, ẹnì kan tún kú ní ilé ìwòsàn. Ẹni 12 lápapọ̀, ọmọ kékeré yẹn wà lára wọn. Mẹ́rin péré ló yè. Obìnrin kan nínú àwọn mẹ́rin náà ló rá jáde sí òpópónà tí àwọn tó ń kọjá fi mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin náà ti lọ pẹ̀lú owó 164,410 yen àti sọ̀wédowó kan tó jẹ́ 17,450 yen. Owó tó pọ̀ ju èyí tó mú lọ ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀.

Oúnjẹ olóró ni àwọn tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ rò pé wọ́n jẹ. Ìyẹn ni wọ́n fi tẹ gbogbo inú bánkì mọ́lẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rí sì bàjẹ́ kí ọlọ́pàá tó mọ̀ pé ìpànìyàn ni. Ní ọjọ́ kejì, ẹnì kan rọra mú sọ̀wédowó yẹn lọ sí ẹ̀ka bánkì Yasuda ní Itabashi, ó gba owó rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó dá a dúró.

Mo ti rí ẹni tó ka ìtàn yìí tó sì pe àwọn òkú wọ̀nyí ní òmùgọ̀, pé báwo ni ògìdìgbó èèyàn ṣe máa mu ohun tí àjèjì gbé fún wọn láìbéèrè. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ irú ìlú tí Tokyo jẹ́ lọ́dún yẹn.

Ní òru ọjọ́ 9 mọ́jú ọjọ́ 10 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1945, ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà da iná sórí Tokyo, nǹkan bí ọ̀kẹ́ márùn-ún èèyàn, ìyẹn 100,000, ló sì kú lálẹ́ ọjọ́ kan yẹn. Nínú oṣù Ògún ọdún náà Japan túúbá, ọ̀gágun Amẹ́ríkà nì, MacArthur, àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sì gba àkóso, èyí tí Amẹ́ríkà kò fi sílẹ̀ títí di oṣù Igbe ọdún 1952. Ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ ogun àti ará ìlú ń padà bọ̀ láti Ṣáínà, Korea àti àwọn erékùṣù òkun, wọ́n sì ń kó ibà àti àrùn oríṣiríṣi bọ̀. Oúnjẹ ìpín kò tó jẹ, ọjà fàyàwọ́ ló ń bọ́ ìlú. Ní ibùdókọ̀ ojú irin àti ní ilé ìwé, wọ́n ń da ìyẹ̀fun apakòkòrò DDT sí àwọn èèyàn lórí, wọ́n ń fín in sí abẹ́ aṣọ wọn kí kòkòrò iná tó ń tan ibà kálẹ̀ lè kú. Ẹni tó bá so aṣọ àmì mọ́ apá, tó sì ní àwọn Amẹ́ríkà ló rán òun, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ṣáájú ìgbà náà, ọdún gbọọrọ ni ìjọba ológun tiwọn fi kọ́ wọn pé ẹni tí aláṣẹ bá bá sọ̀rọ̀, kí ó tẹrí ba.

Nítorí náà, nígbà tí dókítà kan wọlé tó ní kí wọ́n na ahọ́n, wọ́n na ahọ́n. Ohun tí wọ́n ti ń ṣe fún ohun tó lé ní ọdún méjì ni. Apànìyàn náà kò nílò ìbọn. Ogun ti bá a pèsè gbogbo nǹkan sílẹ̀ tán.

Kì í tún ṣe ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ní ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1947, ọkùnrin kan lọ sí ẹ̀ka bánkì Yasuda ní Ebara pẹ̀lú ìtàn kan náà, wọ́n sì mu ohun tó gbé fún wọn, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò kú. Ní ọjọ́ 19 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1948, ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìpànìyàn náà, ó tún yọjú sí ẹ̀ka bánkì Mitsubishi ní Nakai, ó sì kúrò níbẹ̀ láìpa ẹnikẹ́ni lára. Ó ń dán iṣẹ́ rẹ̀ wò ni. Káàdì tó lò ní Nakai, ayédèrú ni. Ṣùgbọ́n káàdì ti Ebara, ti dókítà gidi kan tó ń ṣiṣẹ́ nílùú Sendai ni.

Ọ̀nà méjì

Káàdì yìí ló ṣí ọ̀nà àkọ́kọ́ fún ọlọ́pàá. Ní Japan, ẹni méjì tó bá pàdé a máa fún ara wọn ní káàdì, dókítà Sendai yìí sì jẹ́ ẹni tó ń fara balẹ̀ tọ́jú nǹkan: ó máa ń kọ ọjọ́ àti ibi tó ti pàdé oníkálukú sí ẹ̀yìn káàdì tí wọ́n bá fún un. Ọgọ́rùn-ún ni irú káàdì tirẹ̀ yẹn tó tẹ̀. Ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn tó gbà á lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè mọ ẹni tí tirẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Ọ̀nà kejì gba inú ilé àwọn ológun lọ. Májèlé sáyánáìdì ni àyẹ̀wò òkú fi hàn, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń rí rà, tí àwọn èèyàn fi ń pa ara wọn lẹ́yìn ogun, kì í fún èèyàn láyè ìṣẹ́jú. Báwo ni àwọn èèyàn wọ̀nyí ṣe mu ún, tí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú kan, tí wọ́n tún mu òmíràn, tí wọ́n sì fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ síbi omi? Báwo ni apànìyàn ṣe mu tirẹ̀ tí kò kú? Ta ló mọ ìwọ̀n tó máa pa èèyàn mẹ́rìndínlógún láìyára jù, láìpẹ́ jù? Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mọ̀ pé ẹni tó lè ṣe irú èyí ti ní láti ṣe é rí.

Àwọn tó ti ṣe é rí sì wà ní Tokyo. Ní Pingfang, lẹ́bàá ìlú Harbin ní Manchuria, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Japan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Unit 731 lábẹ́ ọ̀gágun oníṣègùn Ishii Shirō ti lo àwọn ẹlẹ́wọ̀n láàyè fún àyẹ̀wò àrùn àti májèlé. Ìdènà àjàkálẹ̀ àrùn àti pípèsè omi mímọ́ ni iṣẹ́ tí ìjọba kọ sílẹ̀ fún wọn. Ẹ rántí aṣọ àmì tó wà lápá ọkùnrin bánkì yẹn. Ilé-iṣẹ́ ológun mìíràn wà ní Noborito, kò jìnnà sí Tokyo, níbi tí wọ́n ti ń ṣe irinṣẹ́ amí, owó ayédèrú àti májèlé. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣe irú sáyánáìdì kan tí kì í pani kíákíá, èyí tí wọ́n ṣe fún pípa èèyàn ní kọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀ pé wọ́n dán májèlé yìí wò lára àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní Nanjing lọ́dún 1941.

Ọ̀gá ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ Kai Bunsuke kọ gbogbo ohun tí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń gbọ́ sílẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ, ó sì wà títí di òní. Ẹni tó bá kà á yóò rí i pé àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lọ láti ilé dé ilé, wọ́n bá àwọn ológun àtijọ́ sọ̀rọ̀, wọ́n dé ọ̀dọ̀ Ishii fúnra rẹ̀. Àwọn kan sọ òtítọ́ fún wọn, àwọn kan pa ẹnu mọ́ nítorí wọ́n ti búra.

Ìdí mìíràn tún wà tó fi ṣòro fún wọn láti sọ̀rọ̀. Amẹ́ríkà ti bá Ishii àti àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe àdéhùn: kí wọ́n kó gbogbo èsì àyẹ̀wò wọn wá, a kò ní gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ àgbáyé tó jókòó ní Tokyo títí di ìparí ọdún 1948 kò fi ẹ̀sùn kan Unit 731. Bí ẹni tó pa àwọn òṣìṣẹ́ bánkì bá wá láti inú ẹgbẹ́ náà, gbogbo àdéhùn yẹn ni yóò hàn síta láàárín ìlú.

Lójijì, ọ̀nà ti ológun kú. Ó ku ọ̀nà káàdì.

Ayàwòrán

Hirasawa Sadamichi ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1892 ni wọ́n bí i, ayàwòrán tí iṣẹ́ rẹ̀ ti wọ àwọn ìpàtẹ ńlá ilẹ̀ Japan ni. Òun àti dókítà Sendai ti pàdé nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń ná erékùṣù Hokkaido, wọ́n sì fún ara wọn ní káàdì. Nígbà tí ọlọ́pàá ní kí ó mú káàdì tó gbà wá, ó ní jáguda ti kó àpò owó òun, káàdì náà sì wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Ògún ọdún 1948 ni wọ́n mú un ní Otaru ní Hokkaido, wọ́n sì fi ọkọ̀ gbé e lọ sí Tokyo níṣojú ogunlọ́gọ̀ èèyàn tó wá wò ó.

Kí a sọ òtítọ́: Hirasawa kò mọ́ bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ọlọ́pàá rí i pé ó ti gbìyànjú láti lu bánkì ní jìbìtì ṣáájú. Owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìpànìyàn náà, kò sì lè sọ ibi tó ti rí i. Àwọn kan sọ lẹ́yìn náà pé àwòrán ìhòòhò tó ń tà ní kọ̀rọ̀ ló mú owó náà wá, tí ojú sì ń tì í láti jẹ́wọ́. Ó tún jẹ́ ẹni tí kì í sọ ọ̀rọ̀ délẹ̀ bó ṣe rí. Lọ́dún 1925 ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn ajá dìgbòlugi, abẹ́rẹ́ náà bà á ní ọpọlọ jẹ́, ó sì di ẹni tí kì í rántí nǹkan dáadáa, tó máa ń fi ìtàn tó hun dí àyè tó bá ṣófo nínú iyè rẹ̀.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń da ìbéèrè bò lójoojúmọ́ fún nǹkan bí oṣù kan. Ó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ ní àtìmọ́lé. Ní ìparí oṣù Ọwẹ́wẹ̀, ó jẹ́wọ́. Nígbà tó dé ilé ẹjọ́, ó ní irọ́ ni òun pa mọ́ ara òun. Ṣùgbọ́n òfin ìgbẹ́jọ́ tuntun tó dín agbára ìjẹ́wọ́ kù nílé ẹjọ́, ọjọ́ 1 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1949 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òfin àtijọ́ ni wọ́n fi gbọ́ ẹjọ́ tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rò nípa ẹ̀rí náà. Nínú àwọn tó rí apànìyàn lójúkojú, àwọn kan ní Hirasawa jọ ọ́, àwọn kan ní kì í ṣe òun. Àwọn tó wo ìkọ̀wé ẹ̀yìn sọ̀wédowó kò sọ ohun kan náà. Ẹnikẹ́ni kò fi hàn pé ó ra májèlé níbì kankan. Ayàwòrán tó ń po ẹyin mọ́ ọ̀dà láti fi kun pátákó, níbo ló ti kọ́ bí a ti ń pín sáyánáìdì fún èèyàn mẹ́rìndínlógún, tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n? Ilé ẹjọ́ dáhùn ìbéèrè náà nípa pípe májèlé ọ̀hún ní irú èyí tí ẹnikẹ́ni lè rí. Ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ Noborito tó ti bá ọlọ́pàá sọ nípa májèlé tí kì í yára pani, nígbà tó dé iwájú adájọ́, ohùn rẹ̀ yí padà. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ẹjọ́ náà ti ṣẹ́.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Agẹmọ ọdún 1950, ilé ẹjọ́ Tokyo dá a lẹ́jọ́ ikú. Lọ́dún 1951 ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fọwọ́ sí i, lọ́dún 1955 ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ náà fọwọ́ sí i. Ó wá ku kí mínísítà ètò ìdájọ́ fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n so ó kọ́.

Kò sí mínísítà kan tó fọwọ́ sí i. Wọ́n ń wọlé, wọ́n ń jáde, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò tú u sílẹ̀. Lọ́dún 1962 wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n Miyagi ní Sendai, níbi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn, àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ sì rò pé ó ti parí. Kò parí. Ó ń ya àwòrán nínú ẹ̀wọ̀n, ó ń kọ ìwé, ó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tún ẹjọ́ òun gbọ́, wọ́n sì ń kọ̀ fún un léraléra. Lọ́dún 1985, ọgbọ̀n ọdún pé lẹ́yìn tí ìdájọ́ ikú náà di èyí tí kò ṣeé yí padà. Òfin ìgbà náà sọ pé ìdájọ́ ikú tí wọn kò bá mú ṣẹ láàárín ọgbọ̀n ọdún ti dòfo. Àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí ó máa lọ sílé. Adájọ́ dáhùn pé òfin yẹn kò sí fún ẹni tó wà lọ́wọ́ ìjọba ní gbogbo ọgbọ̀n ọdún náà. Ẹni tó bá sá lọ nìkan ló lè jàǹfààní rẹ̀. Mo ka ìdáhùn yìí, mo tún un kà. Ẹlẹ́wọ̀n tó bá sá lọ yóò bọ́. Ẹni tó jókòó tó ń dúró de ikú rẹ̀ kò ní bọ́.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Èbìbì ọdún 1987, Hirasawa kú ní ilé ìwòsàn ẹ̀wọ̀n ní Hachiōji. Ẹni ọdún 95 ni. Ó ti lo ọdún 38 àti oṣù díẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba.

Àwọn òǹkọ̀wé gba ẹjọ́ náà

Kí ilé ẹjọ́ tó parí iṣẹ́ rẹ̀ ni àwọn òǹkọ̀wé ìtàn ọ̀daràn ti dá sí i. Yokomizo Seishi ló kọ́kọ́ ṣe é dáadáa, nínú Akuma ga kitarite fue o fuku, tó jáde ní ìpín-ìpín nínú ìwé ìròyìn láti 1951 sí 1953. Kò lo orúkọ bánkì náà. Ṣọ́ọ̀bù ohun ọ̀ṣọ́ iyebíye ló sọ ọ́ dà, wọ́n sì fi májèlé pa àwọn òṣìṣẹ́ níbẹ̀ lọ́nà kan náà. Ọmọ ìdílé ọlọ́lá kan tí ojú rẹ̀ jọ àwòrán tí ọlọ́pàá pín ni wọ́n fura sí, ó sì pa ara rẹ̀. Yokomizo kò bá ilé ẹjọ́ jà. Ohun tó gbé síwájú wa ni ilé kan tó kún fún ìbátan tí iná ogun ti jó ilé tiwọn, tí oyè àti owó wọn ti lọ, tí wọ́n wá há mọ́ ara wọn lábẹ́ òrùlé kan pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ̀ àtijọ́. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rẹ̀, Kindaichi Kōsuke, fúnra rẹ̀ ti ja ogun ní New Guinea kó tó padà sílé. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé ó lóye pé ogun máa ń ba ìdílé jẹ́ láti inú wá, kì í ṣe láti òfuurufú nìkan. Ṣùgbọ́n ó gbé ẹjọ́ náà kúrò lọ́dọ̀ ológun pátápátá, ìyẹn sì dùn mí díẹ̀.

Matsumoto Seichō ló gbé e padà síbẹ̀. Ọmọ tálákà ni, kò ka ìwé ju ti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ, nígbà ogun sì ni wọ́n mú un lọ sí Korea, tó jẹ́ olùtọ́jú aláìsàn láàárín àwọn ọmọ ogun. Lọ́dún 1959 ó kọ Shōsetsu Teigin jiken, ó sọ ọ́ di ìtàn àròsọ, pẹ̀lú akọ̀ròyìn kan tó ń tú fáìlì ẹjọ́ náà wò. Ìwé yẹn fi ibi tí ọ̀nà àwọn ológun ti dí hàn, ó sì bi wá léèrè ẹni tó dí i. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó ta àròsọ nù: nínú Nihon no kuroi kiri, ó kọ ọ̀rọ̀ náà bí ẹ̀sùn, ó sì dárúkọ ìjọba ológun Amẹ́ríkà. Àwọn kan ní ó sọ àsọdùn, pé gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín 1945 àti 1952 ló fi sí Amẹ́ríkà lọ́rùn. Mo gbà pé ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lórí àwọn ẹjọ́ mìíràn. Lórí ti bánkì Teikoku, ẹ̀rí tó jáde lẹ́yìn náà, pàápàá ìwé àkọsílẹ̀ Kai, gbè é lẹ́yìn pé ọlọ́pàá ti fojú sí àwọn ológun gidigidi kí wọ́n tó yí padà sí ayàwòrán.

Ìwé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ lójú ayé. Àwọn òǹkọ̀wé àti agbẹjọ́rò dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti gba Hirasawa, Kumai Kei ṣe fíìmù lórí ẹjọ́ náà lọ́dún 1964, orúkọ ayàwòrán náà sì di ohun tí ọmọdé mọ̀. Mo gbà gbọ́ pé ariwo yìí wà lára ohun tó mú kí ọwọ́ àwọn mínísítà fà sẹ́yìn.

Lọ́dún 2009, David Peace, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń gbé Tokyo, gbé ìwé tirẹ̀ jáde, Occupied City. Ohùn méjìlá ló sọ ìtàn náà, wọn kò sì bára mu. Ó le láti kà: ọ̀rọ̀ ń tún ara rẹ̀ sọ, gbólóhùn ń já sáàárín, ojú ewé kan lè kún fún igbe. Àwọn òkú ló kọ́kọ́ fún ní ọ̀rọ̀, àwọn tí wọ́n mu nínú ife. Mo yìn ín fún èyí ju gbogbo ohun mìíràn lọ nínú ìwé náà. Láti ọdún 1948 ni gbogbo ayé ti ń sọ̀rọ̀ Hirasawa, Ishii àti àwọn Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń ka owó nínú bánkì lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, wọ́n ti di iye lásán. Ẹni tó pa wọ́n gan-an, bí kì í bá ṣe Hirasawa, lè ti rìn láàárín Tokyo títí ó fi darúgbó.

Ọkùnrin kan tí Hirasawa gbà ṣe ọmọ ń bá ẹjọ́ náà lọ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Nígbà tí òun náà kú lọ́dún 2013, àwọn ẹbí tún gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ tuntun lọ sílé ẹjọ́ lọ́dún 2015. Ilẹ̀ Noborito ti di ti yunifásítì Meiji báyìí, ilé àyẹ̀wò àtijọ́ kan níbẹ̀ sì ti di mùsíọ́mù láti ọdún 2010, tí wọ́n ti ń fi iṣẹ́ májèlé àti owó ayédèrú yẹn han ẹni tó bá wọlé.

Ẹni tó bá fẹ́ ka àwọn ìwé wọ̀nyí, kó má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Peace, nítorí ẹni tí kò bá tíì mọ ẹjọ́ náà yóò ṣìnà nínú rẹ̀. Akuma ga kitarite fue o fuku ti wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kó ti ibẹ̀ wọlé, kó mọ ìlú náà àti àwọn èèyàn inú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó wá gbé ti Peace, kó sì ka ohùn àwọn òkú ní àkọ́kọ́ láìfo ojú ewé kankan.